Bí Ẹ Ṣe Lè Ka Àmì Ìlera tí Wọ́n Fi Sára Ìlànà Oúnjẹ, Kí Ẹ sì Yẹ̀ Ẹ́ Wò Fúnra Yín

Ìbéèrè kan tí àwọn òǹkàwé kò yéé bi wá rèé: "Ìlànà oúnjẹ méjì jọ ara wọn, ohun èlò wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, síbẹ̀ ọ̀kan gba A, èkejì gba C. Èwo ni ká tẹ̀ lé?" Òmíràn tún ní: "Áàpù kan sọ pé oúnjẹ yìí dára, òmíràn kùn ún ní pupa. Èwo nínú wọn ló ń parọ́?"

Ó ṣeé ṣe kí ìkankan nínú wọn má parọ́. Ìṣirò ni àmì ìlera, ìyẹn lẹ́tà, ìràwọ̀, nọ́ńbà tàbí àwọ̀ tí wọ́n fi ń sọ bí oúnjẹ ṣe dára fún ara tó. Ọwọ́ ẹni tó kọ ìlànà oúnjẹ náà sì ni gbogbo ohun tí wọ́n fi ṣírò ti wá: iye òróró, iye iyọ̀, iye ènìyàn tó sọ pé ìkòkò náà yóò bọ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yẹ̀, àmì náà yẹ̀ nìyẹn. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni ohun tí wọ́n kà, ohun tí wọ́n fi pín in, àti ohun tí wọn kò kà rárá.

## Irú àmì wo ló wà níwájú yín?

Ẹ dá àmì náà mọ̀ ná kí ẹ tó gbà á gbọ́. Àwọn tí ẹ ó máa bá pàdé jù nìyí:

- Lẹ́tà A sí E (Nutri-Score). Ilẹ̀ Faransé ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2017, àwọn orílẹ̀-èdè bíi Bẹ́ljíọ̀mù àti Jámánì sì ń lò ó. Ìwọ̀n 100 g ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Kálórì, ṣúgà, ọ̀rá dídì àti iyọ̀ ń gba máàkì tó ń ba oúnjẹ jẹ́. Fáíbà (apá oúnjẹ inú ewéko tí kì í dà nínú ikùn), purotéènì, èso, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà ń gba máàkì tó ń gbè é. Wọ́n á yọ tìkẹyìn kúrò lára tìṣáájú. Bí ohun tó ṣẹ́ kù bá ṣe kéré tó ni lẹ́tà náà ṣe dára tó.
- Ìràwọ̀, láti ìdajì dé márùn-ún (Health Star Rating). Ọsirélíà àti Niu Sílándì ló ń lò ó láti 2014. Ìṣirò rẹ̀ fara jọ ti Nutri-Score.
- Àwọ̀ iná ojú títì tó ń darí ọkọ̀ (traffic light). Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ọ̀rá, ọ̀rá dídì, ṣúgà àti iyọ̀ ni wọ́n ń kùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: àwọ̀ ewé bí ó bá kéré, àwọ̀ ọsàn bí ó bá wà láàárín, pupa bí ó bá pọ̀.
- Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ti ọjọ́ kan (% Daily Value). Amẹ́ríkà ló ń lò ó. Ìwọ̀n tí ẹnì kan yóò jẹ ni wọ́n fi ń ṣírò, kì í ṣe 100 g. Ohun tí kò ju 5% lọ kéré. Ohun tó tó 20% tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀.
- Àmì dúdú onígun mẹ́jọ. Orílẹ̀-èdè Chile bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2016. Ìkìlọ̀ nìkan ló ń ṣe. Oúnjẹ tí kò bá ní in lára kò tíì di oúnjẹ tó dára nítorí ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan tí ẹ ó máa rí jálẹ̀: ọ̀rá dídì ni ọ̀rá tó máa ń le bí ó bá tutù, irú èyí tó wà nínú bọ́tà, lára ẹran àti nínú òróró àgbọn. "Saturated fat" tàbí "saturates" ni wọ́n máa ń kọ sára páálí.

Nínú gbogbo wọn, àwọ̀ iná ojú títì ló wúlò jù fún ẹni tó ń dáná, nítorí pé kò da nǹkan pọ̀ mọ́ra. Lẹ́tà kan ṣoṣo lè fi fáíbà tó pọ̀ bo iyọ̀ tó pọ̀ mọ́lẹ̀, ẹ kò sì ní mọ̀. Bí wọ́n bá kun iyọ̀ ní pupa, ẹ ó rí i pé iyọ̀ ló yẹ kí ẹ fọwọ́ kàn.

Ìkìlọ̀ méjì. Ìràwọ̀ tí àwọn tó ti se oúnjẹ náà fi sílẹ̀ ń sọ pé ó dùn mọ́ wọn lẹ́nu. Kò kan ìlera. Bí ẹ bá sì rí nọ́ńbà bíi "Health score 78" tí kò sí àlàyé kankan nípa bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀, ẹ fò ó, kí ẹ lọ wo iye iyọ̀, ọ̀rá àti kálórì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

## Ohun tí ẹ nílò

- Òṣùwọ̀n ilé ìdáná tó ń ka gíráàmù
- Ṣíbí ìwọ̀n: ńlá (15 ml) àti kékeré (5 ml)
- Ìwé àti bírò, tàbí ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù
- Ìwọ̀n ìkòkò yín ní òfìfo. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ó máa lò ó títí lọ
- Páálí ohun èlò tó ní páálí, tàbí àkójọ èròjà oúnjẹ tó ṣeé gbára lé. FoodData Central ti ìjọba Amẹ́ríkà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́

## Bí ẹ ó ṣe yẹ àmì wò

Ẹ jẹ́ ká fi ìkòkò ẹ̀wà alátòmátì kan ṣe é: ẹ̀wà gbígbẹ 400 g, tòmátì tútù 600 g, àlùbọ́sà 200 g, òróró òdòdó-oòrùn (sunflower) ṣíbí ńlá mẹ́fà, iyọ̀ ṣíbí kékeré méjì, àti omi. Ìlànà náà sọ pé ènìyàn márùn-ún ni yóò jẹ ẹ́.

1. Ẹ sọ gbogbo ìwọ̀n di gíráàmù. Òróró ṣíbí ńlá kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 14 g. Mẹ́fà jẹ́ nǹkan bí 82 g. Iyọ̀ ṣíbí kékeré kan jẹ́ nǹkan bí 6 g. Méjì jẹ́ 12 g. Ṣúgà ṣíbí kékeré kan jẹ́ nǹkan bí 4 g. Ṣíbí tí a gé orí rẹ̀ dọ́gba là ń sọ. Èyí tí a bù gègèlè lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì, ibẹ̀ gan-an sì ni iyọ̀ ti máa ń yọ́ kọjá láìsí ẹni tó kà á.

2. Ẹ wá iye èròjà tó wà nínú 100 g ohun èlò kọ̀ọ̀kan. Ipò tí ẹ wọ̀n ọ́n gan-an ni kí ẹ wá. Bí ẹ bá wọn ẹ̀wà gbígbẹ, ti ẹ̀wà gbígbẹ ni kí ẹ wò, kì í ṣe ti ẹ̀wà sísè.

3. Ẹ fi gíráàmù náà lọ́po iye yẹn, kí ẹ pín in sí 100. Ẹ̀wà gbígbẹ 100 g ní nǹkan bí 335 kálórì àti purotéènì 22 g. Nítorí náà 400 g yóò ní 1,340 kálórì àti purotéènì 88 g. Òróró 82 g yóò ní nǹkan bí 725 kálórì. Ẹ kíyè sí i: ṣíbí òróró mẹ́fà ju ìdajì kálórì gbogbo ẹ̀wà inú ìkòkò lọ.

4. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Fún ìkòkò yìí, ó súnmọ́ báyìí:

- Kálórì: 2,250
- Ọ̀rá: 88 g, tí ọ̀rá dídì jẹ́ 10 g nínú rẹ̀
- Ṣúgà: 32 g, tòmátì, àlùbọ́sà àti ẹ̀wà fúnra wọn ló ni gbogbo rẹ̀
- Fáíbà: 70 g
- Purotéènì: 96 g
- Iyọ̀: 12 g

5. Bí oúnjẹ bá ti jinná, ẹ wọn ìkòkò náà, kí ẹ yọ ìwọ̀n òfìfo rẹ̀ kúrò. Ẹ jẹ́ ká sọ pé oúnjẹ náà jẹ́ 2,000 g. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fo ìgbésẹ̀ yìí, wọ́n á kàn ro ìwọ̀n àwọn ohun èlò pọ̀. Kò tọ̀nà. Ẹ̀wà mu omi, omi sì ń gbẹ lọ bó ṣe ń hó. Ìwọ̀n tó wà nínú ìkòkò nìkan ló lè sọ òótọ́ fún yín.

6. Ẹ pín in dé 100 g. Ogún 100 g ló wà nínú 2,000 g, nítorí náà ẹ pín ohun gbogbo sí 20. Ẹ ó rí nǹkan bí 113 kálórì, ọ̀rá 4.4 g, ọ̀rá dídì 0.5 g, ṣúgà 1.6 g, fáíbà 3.5 g, purotéènì 4.8 g, iyọ̀ 0.6 g.

7. Ẹ pín in dé ìwọ̀n ẹnì kan. Ní ènìyàn márùn-ún, 400 g ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan: 450 kálórì, ọ̀rá 17.6 g, ọ̀rá dídì 2 g, ṣúgà 6.4 g, fáíbà 14 g, purotéènì 19 g, iyọ̀ 2.4 g.

8. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ òdiwọ̀n. Ti àwọ̀ iná ojú títì nìyí, fún oúnjẹ tí kì í ṣe ohun mímu:

| Èròjà | Àwọ̀ ewé, ní 100 g | Pupa, ní 100 g | Pupa, ní abọ́ ẹnì kan tó ju 100 g lọ |
|---|---|---|---|
| Ọ̀rá | kò ju 3 g lọ | ó ju 17.5 g | ó ju 21 g |
| Ọ̀rá dídì | kò ju 1.5 g lọ | ó ju 5 g | ó ju 6 g |
| Ṣúgà | kò ju 5 g lọ | ó ju 22.5 g | ó ju 27 g |
| Iyọ̀ | kò ju 0.3 g lọ | ó ju 1.5 g | ó ju 1.8 g |

Ohun tó bá bọ́ sí àárín gba àwọ̀ ọsàn. Ohun mímu ní òdiwọ̀n tirẹ̀, ó sì le ju èyí lọ: ṣúgà ohun mímu ti di pupa bí ó bá ti ju 11.25 g lọ nínú 100 ml. Nítorí náà ẹ má ṣe fi tábìlì òkè yìí yẹ ohun mímu elésò wò.

## Ìkòkò kan náà, A àti pupa

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀wà wa.

Bí ẹ bá fi Nutri-Score wò ó, kálórì rẹ̀ gba máàkì búburú kan, iyọ̀ rẹ̀ gba méjì, ṣúgà àti ọ̀rá dídì kò gba nǹkan kan. Mẹ́ta péré nìyẹn. Fáíbà, purotéènì àti ẹ̀fọ́ pẹ̀lú ẹ̀wà tó kún inú rẹ̀ gba máàkì rere tó ju mẹ́ta lọ. Ohun tó ṣẹ́ kù bọ́ sísàlẹ̀ òdo, ẹ̀wà wa sì gba A.

Bí ẹ bá fi àwọ̀ iná ojú títì wò ó ní 100 g, ṣúgà àti ọ̀rá dídì gba àwọ̀ ewé, ọ̀rá àti iyọ̀ gba àwọ̀ ọsàn. Ó ṣì dára.

Ṣùgbọ́n ta ló ń jẹ 100 g ẹ̀wà? Abọ́ 400 g ní iyọ̀ 2.4 g. Ó ti kọjá 1.8 g, ó sì di pupa. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó 5 g. Abọ́ kan ṣoṣo yìí ti kó nǹkan bí ìdajì rẹ̀ lọ, láìtíì ka ohun tí ẹ jẹ láàárọ̀ àti ohun tí ẹ máa jẹ lálẹ́.

Lẹ́tà A kò parọ́, pupa náà kò parọ́. Lẹ́tà A ń sọ irú oúnjẹ tó jẹ́. Pupa ń sọ ohun tó máa wọ inú yín ní ìjókòó kan. Bí ẹ bá ń ṣe àfiwé ìlànà méjì tó jọ ara wọn, ẹ lo ti 100 g. Bí ẹ bá ń pinnu ohun tí ẹ ó bù sínú abọ́, ti ẹnì kan ni kí ẹ lò. Bí áàpù méjì bá ta ko ara wọn, ibi tí ẹ ó kọ́kọ́ wò nìyí: ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan máa fi 100 g ṣírò, kí èkejì máa fi ìwọ̀n ẹnì kan ṣírò.

Ìdí mìíràn tún wà. Láti òpin 2023 ni ìṣirò Nutri-Score tuntun ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, ó sì le sí ṣúgà àti iyọ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ìlànà oúnjẹ tí wọ́n fi ìṣirò àtijọ́ fún ní lẹ́tà lè gba lẹ́tà mìíràn lónìí láìjẹ́ pé ohun kan yí padà nínú ìkòkò.

## Àwọn àṣìṣe tó ń ba ìṣirò jẹ́

Gbígbẹ di sísè. Èyí ló burú jù nínú gbogbo wọn, áàpù ló sì sábà máa ń ṣe é. Ìrẹsì tí a kò tíì sè ní nǹkan bí 360 kálórì nínú 100 g. Èyí tó ti jinná ní nǹkan bí 130, nítorí omi tó ti mu. Bí ìlànà bá ní ìrẹsì 400 g, tí áàpù sì mú "ìrẹsì sísè" nínú àkójọ rẹ̀, yóò kọ 520 kálórì dípò 1,440. Àmì tó máa jáde yóò wuyì, kò sì ní jẹ́ òótọ́. Bí kálórì ìrẹsì, ẹ̀wà tàbí pásítà bá kéré jọjọ lójú yín, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

"Iyọ̀ bó ṣe tẹ́ yín lọ́rùn." Ẹ̀rọ kò lè ka ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà òdo ló máa ń kọ. Gbogbo ìlànà tó bá sọ bẹ́ẹ̀, àmì iyọ̀ rẹ̀ kò wúlò. Ẹ da iyọ̀ tí ẹ fẹ́ lò sínú àwo kékeré, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ bù ú láti inú àwo náà nígbà tí ẹ bá ń sè é, kí ẹ tún wọn èyí tó ṣẹ́ kù. Òṣùwọ̀n tí kò lè ka gíráàmù kan sí méjì kò dára fún èyí. Bí tiyín bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣíbí kékeré tí a gé orí rẹ̀ ni kí ẹ lò.

Iyọ̀ tó fara pamọ́. Amọ́bẹ̀dùn oníkúùbù 10 g sábà máa ń ní iyọ̀ tó tó nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀. Kúùbù méjì nínú ẹ̀wà wa ì bá sọ iyọ̀ 12 g di 22 g. Ọbẹ̀ sóyà ṣíbí ńlá kan ní iyọ̀ tó lé ní 2 g. Wàràkàṣì, ẹran inú agolo, ólífì inú omi iyọ̀, gbogbo wọn ló ní tiwọn. Kódà sódà ìyan-búrẹ́dì (baking soda) ní sódíọ̀mù, èròjà kan náà tó wà nínú iyọ̀: ṣíbí kékeré kan ní ju 1,200 mg lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dùn bí iyọ̀ lẹ́nu.

Sódíọ̀mù àti iyọ̀ kì í ṣe nọ́ńbà kan náà. Ẹ fi 2.5 lọ́po sódíọ̀mù láti rí iyọ̀. Sódíọ̀mù 800 mg jẹ́ iyọ̀ 2 g. Bí ẹ bá fi sódíọ̀mù 0.8 g wé òdiwọ̀n iyọ̀ 1.8 g, ẹ ó rò pé ẹ wà ní àlàáfíà nígbà tí ẹ ti ré e kọjá. Bákan náà ni ẹ má ṣe da kilojúùlù (kJ) pọ̀ mọ́ kálórì (kcal). Kálórì kan jẹ́ kilojúùlù 4.184.

Iye ènìyàn tí kò bọ́gbọ́n mu. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti mú kí oúnjẹ dára lójú ni kí a sọ pé ènìyàn mẹ́jọ ni yóò jẹ ohun tí ènìyàn mẹ́rin máa tán. Ẹ pín ìwọ̀n oúnjẹ tó jinná sí iye ènìyàn tí wọ́n kọ, kí ẹ sì bi ara yín bóyá ohun tí ẹ máa bù nìyẹn ní tòótọ́. Bí oúnjẹ tí wọ́n pè ní oúnjẹ ọ̀sán bá já sí 150 g fún ẹnì kan, ẹ tún un pín.

Òróró dídín. Òróró lítà kan tí ẹ dà sínú agbada kì í ṣe òróró tí ẹ jẹ. Bí áàpù bá ka gbogbo rẹ̀, E ni yóò fún yín. Bí kò bá ka nǹkan kan, A tí kò tọ́ ni. Ẹ wọn òróró náà kí ẹ tó dín nǹkan, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, kí ẹ tún un wọ̀n. Ìyàtọ̀ wọn ni ohun tó wọ inú oúnjẹ. Ẹ má ṣe wọn òróró gbígbóná láéláé.

Ohun tí a dà nù. Ọ̀rọ̀ kan náà ni fún omi tí a fi bọ pásítà, èyí tó máa ń bá púpọ̀ nínú iyọ̀ rẹ̀ lọ, àti omi inú agolo ẹ̀wà. Ẹ̀wà agolo tí a sẹ́ omi rẹ̀ tí a sì fi omi ṣàn, iyọ̀ rẹ̀ dín sí ti ara páálí. Egungun náà kò sí lára oúnjẹ: ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́yìn jíjẹ, kí ẹ yọ ọ́ kúrò.

"Kò ní ṣúgà." Wọ́n lè kọ èyí sórí àkàrà òyìnbó tí oyin kún inú rẹ̀. Lójú WHO, oyin, omi èso àti ṣíróòpù wà nínú ṣúgà tó yẹ ká dín kù, kí gbogbo rẹ̀ má tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kálórì ọjọ́ kan. Ìyẹn jẹ́ 50 g fún ẹni tó ń jẹ 2,000 kálórì. Ṣùgbọ́n Nutri-Score àti àwọ̀ iná ojú títì ń ka ṣúgà inú odidi èso àti ti mílíìkì mọ́ ọn pẹ̀lú. Nítorí náà, bí oúnjẹ elésò tútù bá gba àwọ̀ ọsàn nídìí ṣúgà, tí ẹ kò sì fi ṣúgà tàbí oyin kankan sí i, ẹ má ṣe sá fún un.

Omi tó ń fọ àmì mọ́. Bí ẹ bá bu omi lítà kan sínú ọbẹ̀, gbogbo nọ́ńbà ní 100 g yóò lọ sílẹ̀, àmì rẹ̀ yóò sì dára sí i, láìsí pé ẹ yọ iyọ̀ kan kúrò. Ní òdìkejì, oúnjẹ gbígbẹ tí a kì í jẹ ju 30 g lọ lè dà bí ohun tó burú ní 100 g. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a fi ọbẹ̀ wé ohun ìpanu. Ọbẹ̀ ni ká fi wé ọbẹ̀.

## Bí àmì bá burú, kí ni kí ẹ fọwọ́ kàn?

Ẹ má ṣe tún gbogbo ìlànà náà kọ. Ohun èlò kan tàbí méjì ló sábà máa ń fa ìṣòro, ìṣirò yín sì ti fi wọ́n hàn.

1. Iyọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Nínú ẹ̀wà wa, bí ẹ bá dín ṣíbí méjì kù sí ọ̀kan, 100 g yóò ní 0.3 g, àwọ̀ ewé nìyẹn. Abọ́ 400 g yóò ní 1.2 g, pupa ti lọ. Bí ìdínkù yìí bá pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan fún ẹnu àwọn ará ilé, ẹ ṣe é díẹ̀díẹ̀. Ata, aáyù, atalẹ̀ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí a fún sí i nígbà tó bá jinná tán máa ń gbé adùn náà ró.
2. Lẹ́yìn náà, òróró. Láti ṣíbí ńlá mẹ́fà sí mẹ́ta, ọ̀rá á bọ́ láti 4.4 g sí nǹkan bí 2.4 g ní 100 g, àwọ̀ ewé. Abọ́ ẹnì kan á sì bọ́ láti 450 kálórì sí nǹkan bí 380.
3. Ẹ pààrọ̀ ọ̀rá dídì. Bọ́tà ṣíbí ńlá kan ní ọ̀rá dídì bíi 7 g, ó ti ju òdiwọ̀n pupa 6 g lọ bí ẹnì kan ṣoṣo bá jẹ ẹ́. Ìwọ̀n kan náà nínú òróró òdòdó-oòrùn tàbí ti ólífì kò ju 2 g lọ. Kálórì wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ o. Irú ọ̀rá rẹ̀ ló yí padà.
4. Ẹ fi ẹ̀fọ́, ẹ̀wà tàbí ọkà tí a kò bó kún un. Fáíbà á gòkè. WHO ní kí àgbàlagbà máa jẹ fáíbà tó tó 25 g lójúmọ́. Abọ́ ẹ̀wà wa nìkan ti pèsè 14 g.

Ẹ má ṣe fi purotéènì ẹlẹ́lùbọ́ kún oúnjẹ nítorí kí lẹ́tà rẹ̀ lè gòkè. Máàkì ni ẹ ń lé nígbà náà. Iyọ̀ àti ọ̀rá tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò lọ sí ibì kankan.

## Bí ẹ kò bá ní òṣùwọ̀n tàbí àkókò

Ẹ ṣe èyí, kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ:

- Ẹ ka ṣíbí kékeré iyọ̀, ẹ fi 6 g lọ́po rẹ̀, ẹ fi 5 g kún un fún kúùbù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ pín in sí iye ènìyàn. Bí ó bá ju 1.8 g lọ, ó pọ̀.
- Ẹ ka ṣíbí ńlá òróró tàbí bọ́tà, ẹ pín in sí iye ènìyàn. Bí ó bá ti ju ṣíbí kan àtààbọ̀ lọ fún ẹnì kan, òróró nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e dé pupa.
- Ẹ ka ṣíbí kékeré ṣúgà àti oyin. Bí ó bá ju mẹ́fà lọ fún ẹnì kan, ẹ ti wà létí pupa.
- Ẹ wo ohun èlò mẹ́ta tó wúwo jù. Ṣé ẹ̀fọ́, èso tàbí ẹ̀wà wà nínú wọn?

Kò ní péye bíi ti òṣùwọ̀n, ṣùgbọ́n yóò mú àmì tó parọ́ gidigidi.

## Àwọn tí àmì yìí kò tó fún

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ. Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn àmì òkè yìí tó ń fìyà jẹ sítáàṣì, èròjà tó pọ̀ nínú ìrẹsì, iṣu àti búrẹ́dì. Abọ́ ìrẹsì funfun ńlá lè gba àmì tó dára, kó sì gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè. Àpapọ̀ kábóháídréètì inú abọ́ kan ni kí ẹ máa wò. "Carbohydrate" ni wọ́n ń kọ sára páálí.

Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣe àìsàn. Ẹ̀wà àti tòmátì tó mú ìkòkò wa gba A ní pọtásíọ̀mù púpọ̀, èyí tí dókítà lè ti ní kí aláìsàn dín kù. Iyọ̀ àfirọ́pò tí wọ́n fi pọtásíọ̀mù ṣe lè léwu fún un gan-an. Kò gbọ́dọ̀ lò ó láìbi dókítà rẹ̀.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Iye iyọ̀ inú abọ́ kan ni kí ó máa wò, kó má ṣe wo lẹ́tà.

Ọmọ ọwọ́ àti ọmọ kékeré. Àgbàlagbà ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n wọ̀nyí. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì nílò ọ̀rá àti agbára tó pọ̀ ju bí ara rẹ̀ ṣe tóbi lọ, nítorí náà ẹ má ṣe fi àmì yìí dín ọ̀rá oúnjẹ rẹ̀ kù.

Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba oúnjẹ kan. Lẹ́tà A kò ní í ṣe pẹ̀lú ẹ̀pà, ẹyin, mílíìkì tàbí àlìkámà tó lè dá a dùbúlẹ̀. Àkọsílẹ̀ ohun èlò ni kí ó kà, ní gbogbo ìgbà.

Bí ẹ bá ń lọ rí dókítà tàbí onímọ̀ nípa oúnjẹ, ẹ má ṣe mú lẹ́tà tàbí ìràwọ̀ lọ. Ẹ kọ oúnjẹ mẹ́ta tí ẹ ń jẹ jù sílẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀n abọ́ yín, iyọ̀, kábóháídréètì àti kálórì inú rẹ̀, kí ẹ mú ìwé náà dání.